Bẹ́ǹṣì Ọmọ Tó Sọnù

Gbogbo ayé ló ń pa á lówe pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Hàwáwù, ìyá Bàṣírù, kò fi ẹnu pa tirẹ̀. Bẹ́ǹṣì ló gbé jáde.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní ọdún kan tí Iléyá ku ọ̀la, ọmọ kékeré kan jókòó sábẹ́ àtẹ nínú Ọjà Balógun, ó ń sunkún, ẹsẹ̀ èrò ń kọjá níwájú rẹ̀. Oníkálukú rò pé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò gbé e. Hàwáwù ti ta aṣọ nínú ọjà yẹn títí ara fi sọ fún un pé ó tó. Ó ti fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, ó kàn wá kí wọn ni lọ́jọ́ náà. Ó gbé ọmọ náà mọ́ra, ó bú gbogbo ọlọ́jà tó wà ní ìlà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì jókòó ti ọmọ títí ìyá rẹ̀ fi dé. Nígbà tí ọdún mìíràn ń bọ̀, kò dúró kí ọmọ kankan tó sunkún. Ó ní kí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì òun láti Ìsàlẹ̀ Èkó wá sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lẹ́nu ọ̀nà ọjà, ó jókòó, ó sì ránṣẹ́ sí gbogbo ìsọ̀ pé ẹni tó bá rí ọmọ tó sọnù, kó mú un wá bá òun.

Láti ìgbà náà, bí ọjà ọdún bá ti ń gbóná, ìbáà ṣe Iléyá, ìbáà ṣe ìtúnu ààwẹ̀, ìbáà ṣe Kérésì àwọn onígbàgbọ́, ìdí bẹ́ǹṣì lẹ óò bá a. Kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ìyá ọmọ bá fẹ́ fún un ní ẹ̀bùn, yóò ní kó lọ fi ra ọ̀já tó nípọn. Àwọn ọlọ́pàá pàápàá, bí wọ́n bá rí ọmọ he, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń mú un wá, nítorí ọmọ kì í sunkún púpọ̀ níwájú arúgbó bó ṣe ń sunkún níwájú ẹni tó wọ ṣòkòtò kúkúrú ìjọba.

Àgbà méjì ló ń bá a jókòó. Bàbá Lùkúmọ̀n ni èkíní, télọ̀ tí ojú rẹ̀ kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́ ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì le koko. Òun ló ń lọ káàkiri ìsọ̀ láti wá ìyá ọmọ. Èkejì ni Bàbá Rájí, tó fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ìjọba ní Màríìnì, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í bọ́ awò lójú bí kò ṣe pé ó fẹ́ nù ún. Gbogbo ọjà ló mọ orúkọ rẹ̀, Hàwáwù nìkan ni kì í pè é. Ẹ̀gbọ́n ọkọ Hàwáwù tó ti di olóògbé ló ń jẹ́ Rájí, ìyàwó tó bá sì mọ ẹ̀kọ́ ilé kì í dárúkọ àwọn àgbà ilé ọkọ rẹ̀, ẹni tó ni orúkọ náà ìbáà wà láyé, ìbáà ti lọ. "Aláwò" ló ń pè é. Ó ti mọ́ ọn lára, bẹ́ẹ̀ ni kò ronú sí i mọ́.

Ẹ má rò pé wọ́n kàn ń gbé ọmọ fún ẹni tó bá ṣáà ti sunkún dé. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wọn rí. Obìnrin kan dé, ọmọ mọ̀ ọ́n, ọmọ fò mọ́ ọn tayọ̀tayọ̀, wọ́n sì fi ọmọ lé e lọ́wọ́. Àṣé ayálégbé inú ilé wọn ni, òun àti ìyá ọmọ sì jọ ní ìjà tó ti pẹ́. Ọdún ti kọjá tán kí wọ́n tó rí ọmọ náà ní Ẹ̀pẹ́. Hàwáwù kò fẹnu kan ẹran ọdún náà. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ṣòfin: ẹni tó bá wá gbọmọ gbọ́dọ̀ pe orúkọ tí lèmọ́mù tàbí àlùfáà sọ ọmọ náà, ọmọ náà sì gbọ́dọ̀ pè é ní ìyá tàbí ní bàbá. Bí ọ̀kan kò bá sí níbẹ̀, kò sí ohun tó jọ ọ́. Òfin náà kò tíì já wọn kulẹ̀, Hàwáwù a sì máa fi yangàn. "Ọmọ tó bá dé ìdí bẹ́ǹṣì mi," ni yóò wí, "ó ti délé."

Iléyá tún ku ọ̀la. Àgbò ń ké láti ìhà gbogbo, àwọn tó ń ra bùrọ̀kéèdì ń ti ara wọn, òórùn awọ bàtà tuntun gba afẹ́fẹ́. Kété lẹ́yìn ìrun Àlásàrì ni oníbàtà kan fa ọmọbìnrin kan wá sídìí bẹ́ǹṣì. Ọmọ náà kéré, ọwọ́ rẹ̀ kò tíì lè gba orí kan etí débi tí wọ́n á fi mú un níléèwé, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ tó ti àgbà méjì. Kò tilẹ̀ sunkún. Ó gun bẹ́ǹṣì fúnra rẹ̀, ó jókòó ti Bàbá Rájí, ó ní kó fún òun ní awò ojú rẹ̀ wò.

"Kí lorúkọ ẹ, ìyá mi?" Hàwáwù bi í.

"Sàfúrátù."

"Orúkọ ńlá! Ta ni màmá ẹ?"

"Màmá mi ń ta mílíìkì l'Ókè Àrin. Wọ́n ní agolo púpọ̀ gan-an ni. Wọ́n sanra."

Èdè Èkó ni ọmọ náà ń sọ geere, ohùn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tí wọ́n wò dàgbà lẹ́sẹ̀ arúgbó. Inú Hàwáwù dùn sí i.

"Ta lo wá tẹ̀ lé wá sọ́jà?"

"Ìyàwó."

"Ìyàwó wo?"

"Ìyàwó ilé wa. Ó ń bá wọn ná bàtà, mo lọ wo àgbò."

Hàwáwù yíjú sí àwọn ọkùnrin náà. "Ẹ gbọ́? Wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ lé ìyàwó ilé lọ́wọ́, ó sì sọ ọ́ nù síbi bàtà. Lùkúmọ̀n, ẹ sinmi díẹ̀, tí ẹ bá ti mu omi tán ẹ ó kọjá sí Òkè Àrin. Onímílíìkì tó sanra kò lè ṣòro ó rí."

Bàbá Lùkúmọ̀n kò tíì gbé igbá omi kúrò lẹ́nu nígbà tí obìnrin kan já wọ abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Kò tíì dàgbà púpọ̀. Gèlè rẹ̀ ti bọ́ sọ́rùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò ní bàtà, bàtà ọmọdé tuntun méjì ló dì mú sáyà.

"Eyínafẹ́! Eyínafẹ́ mi!"

"Ìyàwó!" Ọmọ náà bọ́ sílẹ̀, ó sì sáré lọ dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Hàwáwù fa ọmọ náà padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ojú ẹni tó ti rí Ẹ̀pẹ́ ló fi ń wo obìnrin náà.

"Pẹ̀lẹ́ o. Ta lò ń wá?"

"Ọmọ mi ni, mà. Èmi ni màmá ẹ̀. Àdìjátù lorúkọ mi. Ọlọ́run á san án fún yín, mo ti wá gbogbo ọjà yìí..."

Ohùn Ọ̀yọ́ ló wà lẹ́nu rẹ̀ ketekete. Hàwáwù gbọ́ ọ, ó sì wo ọmọ tó ń sọ èdè Èkó bí ẹni ń fọ́ ẹ̀pà. Méjèèjì kò bára mu.

"Ìwọ ni màmá ẹ̀. Kí lorúkọ ọmọ?"

"Eyínafẹ́ ni mo ń pè é, mà."

"N ò bi ọ́ ní ohun tí ò ń pè é. Orúkọ tí lèmọ́mù sọ ọ́ ńkọ́?"

Àdìjátù la ẹnu, ó tún pa á dé. "Orúkọ yẹn, mà, mi ò lè..."

"O ò lè nítorí o ò mọ̀ ọ́n!" Hàwáwù kì í jẹ́ kí ènìyàn parí ọ̀rọ̀ tó bá ti dá a lójú pé òun mọ ibi tó ń lọ. "Sàfúrátù, wá. Ta nìyí?"

"Ìyàwó."

"Ṣé màmá ẹ nìyí?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín bí ẹni pé wọ́n ń bá a ṣeré. "Rárá o! Màmá mi wà l'Ókè Àrin."

Àdìjátù gbé ojú sílẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnu yà á, ohun tó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tún burú sí i lójú Hàwáwù nìyẹn. Ó dà bí ẹni pé ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà yóò wí.

"Lùkúmọ̀n, ẹ máa lọ."

Bí Àdìjátù ṣe gbọ́ Òkè Àrin, ó kúnlẹ̀ wọ́ọ́. "Ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ jọ̀wọ́, bàbá, ẹ má ránṣẹ́ sí wọn. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ yìí sọnù mọ́ mi lọ́wọ́, wọn ò ní jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án mọ́ láyé. Ẹ lù mí, ẹ bú mi, ẹ ṣáà má ránṣẹ́ sí wọn."

"Ẹ ò rí nǹkan?" Hàwáwù sọ ọ́ sókè kí àwọn tó wà nítòsí lè gbọ́. "Ẹni tó bímọ ló ń bẹ̀rù kí wọ́n wá wo ọmọ! Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Lùkúmọ̀n, ẹ ṣì dúró?"

Bàbá Lùkúmọ̀n gbéra. Bàbá Rájí wo obìnrin tó kúnlẹ̀, ó wo Hàwáwù, ó ní, "Ìyá Bàṣírù, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ." Hàwáwù ní èyíkéyìí tí ì báà wà lẹ́yìn rẹ̀, yóò bá àwọn nídìí bẹ́ǹṣì.

Àdìjátù sunkún títí, nígbà tó yá omijé kò bọ́ mọ́. Ó dìde lórí eékún, ó fi ẹ̀yìn ti òpó, ó tún gèlè rẹ̀ wé. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í wò, ó sì ń fetí sílẹ̀. Alágbàfọ̀ kan kọjá tòun ti ẹrù aṣọ, ó ní, "Bàbá Rájí, ẹ kú ìjókòó o! Màmá, ẹ kú iṣẹ́!" Oníbàtà tún padà wá bèèrè bóyá wọ́n ti rí ìyá ọmọ, òun náà kí Bàbá Rájí, ó sì dárúkọ rẹ̀. Ọmọ náà ti ń tòògbé lórí itan Hàwáwù, oòrùn sì ń yí bọ̀ lára wọn.

"Aláwò," ni Hàwáwù wí, "ẹ bá mi fa aṣọ yẹn, kí n fi ṣíji bò ó lójú."

Àdìjátù gbé orí sókè.

"Mà, ẹ má bínú sí mi. Kí lorúkọ bàbá yìí?"

"Aláwò ni wọ́n."

"Ohun tí ẹ̀ ń pè wọ́n nìyẹn, mà. Orúkọ tí lèmọ́mù sọ wọ́n ńkọ́?"

Hàwáwù la ẹnu láti dá a lóhùn. Orúkọ náà wà níbẹ̀, ó mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ kò gbé e. Láti ìgbà tó ti wọ ilé ọkọ ní omidan kò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀ rí, kò sì ní jáde nítorí ọmọdébìnrin ará Ọ̀yọ́ kan lẹ́nu ọ̀nà Ọjà Balógun. Ó pa ẹnu dé. Bó ṣe pa á dé ni ó rántí ẹni tó ti la ẹnu tó sì pa á dé níwájú rẹ̀ ní ọ̀sán yẹn kan náà.

Bàbá Rájí bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Ìyá Bàṣírù, ó jọ pé ẹ̀yin náà ò mọ orúkọ mi."

Ẹlòmíràn ì bá bínú. Hàwáwù le lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò le lórí. Ó wo Àdìjátù dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ta ló ń jẹ́ Sàfúrátù nílé ọkọ ẹ?"

"Ìyá tó bí màmá ọkọ mi ni, mà. Ọdún tí wọ́n lọ ni mo bí i."

"Kí ló dé tó ò sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ ò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, mà."

Bàbá Rájí ń wú ikọ́, tàbí ó ń rẹ́rìn-ín, Hàwáwù kò wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ó dáa, ìyẹn yé mi. Ìyàwó tí ọmọ ń pè ọ́ ńkọ́?"

"Gbogbo ilé ló ń pè mí ní Ìyàwó, mà. Ta ni yóò kọ́ ọ ní òmíràn? Bí mo ṣe já a lẹ́nu ọmú ni màmá ọkọ mi gbé e sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní mo kéré, wọ́n ní ará òkè ni mí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ l'Ékòó. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀, mi ò lè purọ́. Ọ̀dọ̀ wọn ló ń sùn, ọ̀dọ̀ wọn ló ń jẹun. Bí mo bá pè é, ojú wọn ló máa kọ́kọ́ wò kó tó dá mi lóhùn." Ó wo bàtà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Láti ìgbà tí oṣù ti lé ni mo ti ń bẹ̀ wọ́n kí n mú un wá ra bàtà ọdún. Òní ni mo kọ́kọ́ dá mú un jáde. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀."

Hàwáwù fa aṣọ bo ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ó ń wo ọmọ tó sùn sórí itan rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ mìíràn ló ń rí.

Àfúsátù ni, ọmọ Bàṣírù, tó wà nílé ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ta ni Àfúsátù ń bá sùn? Òun Hàwáwù ni. Ta ló ń pè ní "màmá mi"? Òun kan náà ni. Kí ló ń pe Gàníyátù tó bí i? Nínú ààwẹ̀ tó kọjá, àlejò kan bi ọmọ náà léèrè ìyá rẹ̀, ó sì na ìka sí Hàwáwù láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Gàníyátù tó ń kó àwo lọ síbi ìdáná náà rẹ́rìn-ín, ó sì pẹ́ kó tó jáde padà. Hàwáwù ti rò pé àwo ló ń fọ̀. Ẹ̀rín yẹn ti dùn mọ́ Hàwáwù nínú ju ẹran lọ, òun tó ń ṣòfin lójú ọjà pé ọmọ gbọ́dọ̀ mọ ìyá rẹ̀. Ojú tì í, ó tì í gan-an, kò sì sí ibi tó lè gbé ojú sá sí.

"Ẹ jẹ́ kí a gbé ọmọ fún un kó máa lọ," Bàbá Rájí rọra wí. "Bí Lùkúmọ̀n bá mú ìyá yẹn dé, a ó ní ọmọ ti délé."

"Rárá." Ohùn Hàwáwù ti padà sípò. "Bí ó bá gbọ̀nà ẹ̀yìn lọ, olè ni wọn yóò pè é, ilé ni wọn yóò sì ti fìyà ẹ̀ jẹ ẹ́ níbi tí ẹnikẹ́ni ò sí. Èmi ni mo ránṣẹ́, èmi náà ni n ó jẹ́ ẹ. Àdìjátù, nu ojú ẹ. Wọ bàtà tuntun yẹn fún ọmọ ẹ."

Àdìjátù ṣẹ̀ṣẹ̀ so okùn bàtà kejì tán nígbà tí èrò yà sọ́tùn-ún sósì. Ìyá Mùsílíù ló ń bọ̀, ìyá ọkọ rẹ̀. Lóòótọ́ ló sanra, ó sì ń rìn kánkán, Bàbá Lùkúmọ̀n ń sáré tẹ̀ lé e.

"Mo sọ fún Mùsílíù!" Ọ̀nà jíjìn ló ti bẹ̀rẹ̀. "Mo ní ìyàwó tó kó wá láti òkè yìí kò mọ ọmọ tọ́jú! Ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbà fún un, ó sọ ọ́ nù! Ó tán. Wálàhì, ó tán. O ò ní fọwọ́ kan ọmọ yìí mọ́ títí n ó fi kú." Ó na ọwọ́ méjèèjì. "Sàfú mi, wá."

"Màmá mi!" Ọmọ náà ti jí, ó fẹ́ bọ́ sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òfin ìdí bẹ́ǹṣì wí. Ìyá Mùsílíù pe orúkọ ọmọ, ọmọ pè é ní màmá. Gbogbo ọjà ló mọ òfin yẹn, wọ́n sì ti dúró láti wò ó. Hàwáwù na apá yí ọmọ náà ká, kò sì jẹ́ kó lọ.

"Ẹ kú ọ̀nà o, Ìyá Mùsílíù. Ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run á san yín ní rere. Ẹ gbé ọmọ mi fún mi."

"Ẹ̀ṣẹ̀ tó jẹ́ tèmi ni kí n kọ́kọ́ sọ," Hàwáwù wí. "Ìyàwó yín tètè dé ibí. Kò fi ọmọ yìí sílẹ̀, ó ti wá gbogbo ọjà yìí ká títí bàtà fi bọ́ lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Èmi ni mo dá a dúró, èmi ni mo ní kì í ṣe ìyá ọmọ. Ẹ mọ ìdí? Mo bi ọmọ léèrè, ọmọ ní Ìyàwó ni."

"Ìyàwó náà ni. Ṣé kì í ṣe ìyàwó ni?"

"Ìyàwó tiyín ni. Ṣé ìyàwó Sàfúrátù ni?" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Hàwáwù kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ ọ, ẹgbẹ́ mi. Ọmọ yìí sọnù ní ọ̀sán kan, a ti rí i. Ìyá ẹ̀ ló ti sọnù tipẹ́. Inú ilé yín ló sọnù sí, ẹ sì mọ ibi tí ẹ gbé e sí."

Ojú Ìyá Mùsílíù pọ́n. "Kí ló kàn yín nínú ọ̀rọ̀ ilé wa? Bẹ́ǹṣì ni wọ́n fi jẹ yín lóyè, kì í ṣe ilé onílé."

"Ó kàn mí o. Olè ló ń mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta. Èmi náà ní ọ̀kan nílé. Òní ni mo mọ̀."

Èyí ni Ìyá Mùsílíù kò retí. Ó ti múra ìjà sílẹ̀, kò sì rí ẹni bá jà. Hàwáwù dìde, ó gbé ọmọ náà.

"Àdìjátù, bẹ̀rẹ̀ kí n gbé ọmọ pọ̀n ọ́."

Àdìjátù wo ojú ìyá ọkọ rẹ̀.

"Má wo ojú ẹnikẹ́ni. Mo ní kó o bẹ̀rẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀. Hàwáwù gbé ọmọ lé e lẹ́yìn, gbogbo ọjà ń wò ó bó ṣe ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú òfin rẹ̀. Ó tẹ̀ sí etí ọmọ náà. "Sàfúrátù, ẹni tó pọ̀n ọ́ yìí ni màmá tó bí ọ. Àwọn màmá tó ń ta mílíìkì, ìyá àgbà ẹ ni wọ́n, àwọn ló bí bàbá ẹ. Ṣé o gbọ́?"

Ọmọ náà rò ó. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ẹ̀yìn Àdìjátù, ó tún gbé e kúrò, ó wo ẹ̀yìn náà bí ẹni pé kò rí i rí. "Ìyàwó ló bí mi?"

Ẹ̀rín tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láàárín èrò, ó sì kú. Ìyá Mùsílíù dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà nínà díẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó wá yí sẹ́yìn Àdìjátù, ó sì fa etí aṣọ tó fi pọ̀n ọmọ náà.

"Kí lo so báyìí? Ṣé o tún fẹ́ kó já bọ́ ni?" Ó tú aṣọ náà, ó tún un so le dáadáa, ó sì fi ọwọ́ gbá ìdí ọmọ náà pẹ́. "Ìyá ẹ ló bí ẹ. Ta ni ì bá bí ẹ? Ẹ jẹ́ ká lọ, ilẹ̀ ń ṣú."

Wọ́n lọ, Ìyá Mùsílíù níwájú, ó ń la ọ̀nà láàárín èrò fún ẹni tó pọ̀n ọmọ. Bàtà tuntun náà ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí Àdìjátù títí wọn ò fi rí i mọ́.

Hàwáwù mú ìborùn rẹ̀.

"Ọjà ò tíì tú," Bàbá Lùkúmọ̀n wí. Hàwáwù kì í kúrò nídìí bẹ́ǹṣì kí ọjà tó tú.

"Ẹ̀yin méjèèjì wà níbẹ̀. Òfin wa, a ó tún un ṣe lẹ́yìn ọdún."

Bàbá Rájí ti gbé awò rẹ̀ padà sójú. "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, Ìyá Bàṣírù."

"Aláwò, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre," ó wí, ó sì ti ń lọ.

Kò dúró kí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Nígbà tó wọ àgbàlá ilé rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọn ò tíì pe ìrun Màgáríbì. Àgbò Bàṣírù so mọ́ ẹsẹ̀ òpó. Gàníyátù wà nídìí ọlọ, ó ń lọ ata ọdún, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń lọ ọ́ bó ṣe ń lọ ọ́ lọ́dọọdún láìsọ̀rọ̀. Àfúsátù gbọ́ ẹsẹ̀ Hàwáwù, ó sì sáré jáde.

"Màmá mi dé!"

Gbogbo ara Hàwáwù fẹ́ na ọwọ́. Ọmọ tó ti sùn mọ́ ọn láyà láti kékeré ni, ó sì dùn ún, ó dùn ún ju bó ṣe rò lọ. Ó di ìborùn rẹ̀ mú.

"Ìyá àgbà ẹ ló dé," ó wí. "Màmá ẹ wà nídìí ọlọ. Lọ kí wọn."

Àfúsátù wo ìdí ọlọ, ó wo ẹ̀yìn ọlọ, ó wá ẹni tí wọ́n ń sọ títí.

"Ìyàwó nìkan ló wà níbẹ̀."

"Òun náà ni."

Ọmọ ọlọ dúró lọ́wọ́ Gàníyátù. Kò gbé orí sókè. Àfúsátù rìn lọ, ó dúró níwájú rẹ̀, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò bí ẹni tọ́ ọbẹ̀ wò.

"Màmá?"

Gàníyátù na apá sí i, ó sì yára fà á padà. Ata ló kún ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó wo ọwọ́ náà, ó wo ọmọ, omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì lè fi ọwọ́ nù ún.

Hàwáwù lọ sídìí ìkòkò. Ó bu omi, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó sì ń dà á sí i lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ata fi kúrò.